Ọmọ Baba Kan, Adé Mẹ́jọ: Ìbátan àti Ìjogún Oyè nínú Ìwòrì Méjì

Ìtàn Ọ̀rúnmìlà àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ nínú Ìwòrì Méjì kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ alohùn. Ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń fà yọ nínú rẹ̀ ni bí ikin ṣe dé ọwọ́ ọmọ aráyé. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì ìtàn náà sílẹ̀. Ìtàn ìdílé ọba ni, ó sì kan ìwọ̀-oòrùn Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Alárá àti Ajerò ni a kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn ọmọ náà.

Ẹni tó bá fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọba Arámọkọ ni ẹ̀gbọ́n ọba Ìjerò ṣi ẹsẹ Ifá lò. Ìlù ohùn ló to àwọn orúkọ náà. Ọlọ́wọ̀ nìkan ni ẹsẹ náà sọ ipò ìbí rẹ̀ ní pàtó, pé òun ni àbíkẹ́yìn. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921, ọba mẹ́rìndínlógún ni a kà fún Èkìtì. Ajerò wà lára àwọn mẹ́rin tó ṣe pàtàkì jù, pẹ̀lú Ọọ̀rẹ̀, Ewì àti Ẹlẹ́kọlé. Alárá kò sí níbẹ̀. Aláayé Ẹ̀fọ̀n kò tilẹ̀ sí nínú àwọn ọmọ mẹ́jọ rárá, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀fọ̀n lókìkí fún sísín ìlẹ̀kẹ̀ sára adé! Láti ìgbà tí òfin oyè ti 1957 ti mú kí a máa kọ ìdílé tó ń jọba àti bí oyè ṣe ń yípo sílẹ̀, irú àṣìlò yìí lè ba ilé onílé jẹ́.

Bákan náà, ìtàn ààfin a máa fa orísun adé dé ọ̀dọ̀ Odùduwà. Ìwòrì Méjì fi Ọ̀rúnmìlà ṣe baba. Babaláwo ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: ó sọ ọba di ọmọ Ifá.

Níbi àríyànjiyàn ni ẹsẹ náà ti lágbára jù. Ọ̀rúnmìlà ń ṣọdún. Àwọn ọmọ wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wí pé àbọrú bọyè. Ọlọ́wọ̀ dé, ó múra bíi baba rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì kọ̀, kò kí i. Àlàyé rẹ̀ ni pé adé wà lórí baba, adé wà lórí òun náà, adé kì í sì í tẹrí ba fún adé. Ọ̀rọ̀ aláfojúdi ni, ṣùgbọ́n ìlànà ààfin ló ń kà! Ẹsẹ náà kò dá a lóhùn. Ìbínú nìkan ni baba ní, ó sì bá ìbínú náà lọ sí ọ̀run.

Ẹni tó bá ti ka eré Macbeth yóò rí ìyàtọ̀ kan. Ní Skọ́tíláǹdì àtijọ́, oyè a máa yípo láàárín ẹ̀ka ìdílé ọba. Malcolm Kejì kú ní 1034, Duncan, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀, sì gorí ìtẹ́. Ní 1040, Macbeth gba oyè lọ́wọ́ Duncan. Shakespeare gbé ìjà náà ka orí yíyàn tí Duncan yan ọmọ tirẹ̀ ṣe àrólé. Níbẹ̀, adé kan ló dá ìjà sílẹ̀. Nínú Ìwòrì Méjì, gbogbo ọmọ ló ti ní adé nígbà tí baba ṣì wà láàyè, síbẹ̀ ìjà dé. Ojú tí ẹsẹ Ifá fi wo ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju ti eré náà lọ.

Ẹsẹ náà kò sọ ẹni tó bí àwọn ọmọ mẹ́jọ náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ìkògòsì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé orogún méjì ló fi ṣe orísun omi gbígbóná àti omi tútù. Ó yẹ kí olùṣelámèyítọ́ kíyè sí ìdákẹ́ yìí, nítorí ìdí ìyá ni ìdílé ọba ti sábà máa ń pín.

Nígbà tí ayé dàrú tí àwọn ọmọ lọ bẹ baba, kò padà, kò sì yan àrólé. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó fún wọn. Láti ìgbà náà, ọba tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn baba gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pe babaláwo, ìkíni tí Ọlọ́wọ̀ kọ̀ láti kí ni wọ́n sì fi ń kí babaláwo náà.