Àlùfáà Tó Ń Ya Áíkọ̀n: Iṣẹ́ Zinon ti Pskov

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń gbé òkè òkun ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì rí, bóyá níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ tàbí ìsìnkú aládùúgbò. Bí a bá rí àwọn àwòrán ara ògiri wọn, ohun tí a sábà máa ń rò ni pé ojú wọn le jù, àti pé ẹni tó yà wọ́n kò mọ ènìyàn yà. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ Àkímándírì Zinon ló yí wa lọ́kàn padà.

Ilẹ̀ Ukraine ni wọ́n bí i sí ní 1953. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Odessa, ó ṣe ṣọ́jà, ó sì di mọ́ńkì ní Pskov-Pechory ní 1976, nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì ṣì ń fojú burúkú wo onígbàgbọ́. Àwọn áíkọ̀n àtijọ́ ni ó fi ṣe ọ̀gá. Ní 1983, Pátíríákì Pimen ránṣẹ́ pè é sí Moscow kí ó wá ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn mọ́ńkì Danilov, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún ìjọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí yẹ ní sísọ. Wọn a fi ẹfun àti gúlúù rẹ́ pákó títí yóò fi dán bí eyín erin. Pupa ẹyin ni wọ́n fi ń po àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ láti ara òkúta àti erùpẹ̀. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ́ sí ojú ẹni mímọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn ó máa fi èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ lé e, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi dà bí ẹni pé inú ojú náà gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Ohun tí a pè ní líle ojú nìyẹn. Zinon kì í sì í kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ìṣáájú tọ ipasẹ̀ àwọn ayàwòrán Moscow ti ayé Rublev. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọ́n dà bí ọmọ tó ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìṣì ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó yíjú sí ọ̀nà Bisáńtíọ̀mù tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ojú àwọn ẹni mímọ́ rẹ̀ wúwo sí i, wọn kò sì wá ìyìn mọ́. Èyí ni àwa fẹ́ràn jù. Ní Mirozhsky, níbi tí àwòrán ara ògiri ti wà láti nǹkan bí 1140, ó mọ ògiri kúkúrú síwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Stefanu, kí ìjọ lè rí ohun tí àlùfáà ń ṣe.

Ibi kan wà tí a kò ti bá a gbà. Ó ní ẹni tí kò bá gbé ìgbé ayé ìjọ kò lè ya áíkọ̀n. Lamidi Fakeye ńkọ́? Mùsùlùmí ni, ó sì gbẹ́ igi fún àwọn Àgùdà ní Ọyẹ́-Èkìtì lọ́dọ̀ Fadá Carroll, iṣẹ́ náà sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bóyá Zinon yóò ní ìyẹn kì í ṣe áíkọ̀n. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ni ìjọ wá tì sẹ́yìn. Ní 1995 ìjọba Rọ́ṣíà fún un ní Ẹ̀bùn Orílẹ̀-Èdè. Ní 1996 ó gba àlùfáà Àgùdà láyè láti ṣe Máàsì ní Mirozhsky, ó sì gba Kọmúníọ̀n pẹ̀lú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Pskov fòfin de iṣẹ́ àlùfáà rẹ̀. Ó kó lọ sí abúlé kan lẹ́bàá ààlà Estonia, ó sì ń ya àwòrán rẹ̀ lọ, títí Pátíríákì Alexy Kejì fi mú òfin náà kúrò ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. A wá àmì ìbínú nínú àwọn àwòrán ìgbà náà, a kò rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba Vienna kọjá, ẹ yà sí kàtídírà Nikolasi Mímọ́, tí ó kùn ní nǹkan bí 2008. Ẹ lọ nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́ tí àbẹ́là sì ń jó. Iná mànàmáná kì í ṣe àwọn ojú wọ̀nyẹn lóore.