Ìwé-Ẹ̀rí àti Ìkúnlẹ̀: Obìnrin Alákọ̀wé nínú The Sweet Trap ti Zulu Ṣófọlá

Ìfáárà

Ní 1977, Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Zulu Ṣófọlá lọ́lá. Ní ọdún kan náà ni eré-oníṣe rẹ̀, The Sweet Trap, jáde ní ìwé títẹ̀. Obìnrin tí ó ti gun àkàbà ẹ̀kọ́ dé òkè téńté ni ó kọ eré tí obìnrin alákọ̀wé inú rẹ̀ fi ìkúnlẹ̀ parí ọ̀rọ̀, tí ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó foríjì òun. Láti ìgbà náà ni àwọn lámèyítọ́ ti ń jiyàn lórí rẹ̀: ṣé òǹkọ̀wé náà kò ti ta àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀?

Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìkúnlẹ̀ yẹn kọ́ ni ibi tí eré náà ti kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí ó jẹ ẹ́ níyà ni pé ó yá ohùn tí àwọn ọkùnrin Ìbàdàn fi ń fi obìnrin ṣẹ̀fẹ̀, ó sì fi ohùn tí àwọn obìnrin Yorùbá fi ń fèsì sílẹ̀ sílé. Kí a tó lè rí èyí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí obìnrin gbà dé orí ìtàgé.

Ilé ọkọ àti ilé-ẹ̀kọ́

Nígbà tí Hubert Ògúǹdé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ìṣòro ńlá ni àtirí obìnrin tí yóò bá a ṣeré. Òbí kì í fẹ́ kí ọmọ wọn di ẹni tí ń ti ìlú dé ìlú pẹ̀lú àwọn onítíátà. Ògúǹdé wá ọgbọ́n dá: ó polówó iṣẹ́ akọ̀wé, àwọn ọmọbìnrin tí ó wá sì bá ara wọn lórí ìtàgé. Nígbà tí ó yá, ó ń fi àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣaya, kí ẹnu ayé lè dákẹ́, kí ẹgbẹ́ má sì tú. Nínú tíátà alárìnjò ìgbà náà, ilé ọkọ ni ilé-ẹ̀kọ́. Abíọ́dún Dúró Ládiípọ̀, tí ó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ débi pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò ní fi í yangàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, ọ̀nà kejì là. Ilé-ẹ̀kọ́ eré-oníṣe bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ṣeé ṣe fún obìnrin láti kọ́ iṣẹ́ yìí láìṣe aya olórí ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn gba òkè òkun lọ. Ní 1966, Táíwò Àjàyí-Lycett bọ́ sí orí ìtàgé Royal Court ní Lọ́ńdọ̀nù nínú The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká. Lẹ́yìn rẹ̀, Jọkẹ́ Silva kọ́ eré ṣíṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tún kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tí ó yá, òun àti ọkọ rẹ̀, Olu Jacobs, dá ilé-ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe tiwọn sílẹ̀.

Amẹ́ríkà ni Ṣófọlá gbà lọ ní tirẹ̀. Ọmọ Issele-Uku ni, kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọkọ ni ó sọ ọ́ di Ṣófọlá. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Virginia Union, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Richmond, ní 1959. Ó gba oyè kejì nínú eré-oníṣe ní Catholic University, Washington, ní 1965. Lẹ́yìn náà ló padà sílé, ó sì kọ́ni ní Ìbàdàn àti ní Ìlọrin, níbi tí ó ti di olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó fi máa kú ní 1995, òun ni a kà sí obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n tíátà. Òun ni a lè pè ní ẹ̀rí tó dájú jù pé ọ̀nà kejì yẹn já.

Àpèjẹ Clara

Kí ni ẹni tí ó gba ọ̀nà yìí wá sọ nípa rẹ̀? Àárín àwọn alákọ̀wé Ìbàdàn ni The Sweet Trap ti wáyé. Ọdún Òkèbàdàn ni a fi ṣí i, àwọn ọkùnrin ń kọrin èébú sí obìnrin. Clara Sotubo fẹ́ ṣe àpèjẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀; Fẹ́mi, ọkọ rẹ̀, ní kò gbọdọ̀ ṣe é. Clara kọ̀, ó gbé àpèjẹ náà lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àpèjẹ dàrú, ojú tì í, àgbà bá a wí, ó kúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí ohun tí wọ́n ń jà sí ti kéré tó. Ìwé-ẹ̀rí wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin inú eré yìí, ṣùgbọ́n ìjà wọn kò ju ọ̀rọ̀ àpèjẹ lọ. Oyè wọn dà bí aṣọ ọdún: a ń gbọ́ ìró rẹ̀, a kò rí i pé ó ṣiṣẹ́. Bí Clara bá ń jà fún àyè láti kọ́ni, tàbí láti darí eré bí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ti ń ṣe, ṣé ìbáwí àgbà ìdílé á lè kásẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀? Ṣófọlá kò fi ìrírí tirẹ̀ sí Clara lára rárá. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn tí ó fi ẹ̀kọ́ ṣe fújà nìkan ni ó fẹ́ bá wí. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbáwí náà tọ́. Ṣùgbọ́n eré kan tí kò fi irú obìnrin alákọ̀wé mìíràn hàn kò lè dá àwọn òǹwòran lẹ́bi bí wọ́n bá rò pé gbogbo wọn ni ó ń bá wí.

Ní ti ìkúnlẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra, pàápàá àwa tí a ń kọ́ èdè yìí ní ẹ̀yìn odi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí ní Toronto tàbí ní Houston lè rò pé ẹrú nìkan ní í kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọbìnrin ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ ẹni tí ẹ̀bẹ̀ mìíràn kò wọ̀ létí. Àkúnlẹ̀yàn sì ni a ń pe ìpín tí olúkúlùkù yàn kí ó tó dé ilé ayé. Nítorí náà, ìkúnlẹ̀ lásán kò tó láti fi dá eré lẹ́jọ́. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ohun tí obìnrin náà ní lẹ́nu nígbà tí ó kúnlẹ̀. Clara kúnlẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí eré náà ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn.

Ohùn tí a fi sílẹ̀ sílé

Ibí yìí ni a ti rí i pé Òkèbàdàn tí òǹkọ̀wé yá jinlẹ̀ ju bí ó ṣe lò ó lọ. Ta ni àwọn ará Ìbàdàn ń bọ ní ọjọ́ náà? Ìyá ni. Atàgẹ́ Olọ́mú Orù ni wọ́n ń pè é, òkè tí ó gba ìlú mọ́ra nígbà ogun. Abókè, ọkùnrin tí ó jẹ́ àwòrò rẹ̀, a máa múra bí obìnrin. Nínú ọdún tí a ti ń fi obìnrin ṣẹ̀fẹ̀, obìnrin náà ni a ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu méjì ni ọdún náà ní. Ẹ̀yọ kan ni Ṣófọlá jẹ́ kí a gbọ́.

Bákan náà, kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni àṣà fún láyè láti sọ̀sọkúsọ. Ìyàwó tí ń sun ẹkún ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àyè láti ka ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Àwọn obìnrin ilé ni ó mọ oríkì ìdílé jù, orin òrogún sì lè ta ju ata lọ. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn ohùn wọ̀nyí dìde sí orin èébú tó ṣí eré náà, ìkúnlẹ̀ ìparí á ní ìwúwo mìíràn: á di ìkúnlẹ̀ ẹni tí ó ti sọ tẹnu rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, àpèjẹ ọjọ́ ìbí, àṣà tí kò ní gbòǹgbò nílẹ̀ náà, ni a fi lé obìnrin lọ́wọ́ láti fi kojú ọdún àjogúnbá. Ìjà náà ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìkádìí

A kò sọ èyí láti bu Ṣófọlá kù. Òun ló la ọ̀nà, ẹni tó bá sì ń lanà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin wa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ tíátà ní Amẹ́ríkà àti ní Bìrìtìkó lónìí. Ilé-ẹ̀kọ́ lè gba obìnrin lọ́wọ́ òfin pé àfi kí ó di aya kí ó tó di òṣèré. Kò lè fún un ní ohùn ìyá rẹ̀ àgbà. Abíọ́dún Dúró Ládiípọ̀ ní ohùn yẹn láìní ìwé-ẹ̀rí; Clara ní ìwé-ẹ̀rí láìní ohùn yẹn. Bí a bá tún fẹ́ gbé The Sweet Trap sórí ìtàgé, kí olùdarí má ṣe yọ ìkúnlẹ̀ kúrò. Kí ó wá obìnrin kan tí ó mọ ẹkún ìyàwó sun, kí ó sì fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ eré, níwájú àwọn tí ń kọrin èébú.