Ìbéèrè Tí A Bi Ará Ẹ̀pẹ́: Ṣé Jọ́nà Rí I?

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, irú àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá kí n bá wọn kà á ti yí padà. Dókítà ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú wọn báyìí, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti ṣe ìwádìí, wọ́n ti ka iye, wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà ìṣègùn, wọ́n sì fẹ́ kí àgbà onímọ̀ èdè bá wọn tún Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣe. Gẹ̀ẹ́sì wọn kì í sábà ní wàhálà. Yorùbá tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àfọwọ́kọ wọ̀nyí, kò sí níbẹ̀ rárá. (Àfọwọ́kọ la ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni gbogbo ayé fi ń tẹ̀ ẹ́.)

Ẹ ṣí abala ìlànà ìwádìí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó bá gbólóhùn kan pàdé: pé a tú ìwé ìbéèrè sí èdè Yorùbá, a sì tún un tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti rí i pé méjèèjì bára mu. Ó parí. Olóòtú gbà á, olùyẹ̀wò gbà á. Èmi ò gbà á. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni tó ń béèrè, tó sì wọ etí ẹni tí wọ́n ń bi, ni irinṣẹ́ ìwádìí. Bí dókítà bá lo ẹ̀rọ ìwọnfúnpá, ó ní láti sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Èé ṣe tí a ó fi lo èdè tí a kò sì ní fi han ẹnikẹ́ni?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan tó kan agbègbè wa gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1958, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ G. L. Money tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú West African Medical Journal lórí àrùn iṣan tó ń jà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ á máa jó aláìsàn bí iná, tàbí kó kú. Ìrìn ò ní gún mọ́, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí, pàápàá nínú òkùnkùn. Ojú lè máa ṣe bàìbàì. Etí lè di. Ọmọ Kamẹrúùnù ni dókítà yìí, òun náà la wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Monekosso, ẹni tó di ọ̀gá àgbà fún àjọ ìlera àgbáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ kan ti wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́: orúkọ méjì, ènìyàn kan. Ẹni tó bá wá Monekosso nìkan lè má rí iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ ti 1958. Ẹ mú orúkọ kan, ẹ dì í mú títí ayé.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí àrùn yìí nínú jọ́nà Brain ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1969, òun àti Monekosso àti Wilson tẹ òmíràn jáde nínú British Medical Journal, níbi tí wọ́n ti so àrùn náà pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Oúnjẹ wo? Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí. Wọ́n ní sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́, tí ènìyàn ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ń ba iṣan jẹ́. Ẹ rántí pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú là ń sọ yìí, níbi tí gàrí fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láti sọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé ohun tó wà nínú àwo wọn ló mú wọn lẹ́sẹ̀.

Ní 2000, O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n bá ní Òṣósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú tí iṣẹ́ 1969 ti dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ibùgbé àrùn náà. Wọ́n ka àwọn ará ìlú, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé àrùn náà ṣì wà: bíi ènìyàn 6 nínú 100 ló ní i, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ní 2002, àwọn kan náà tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde nínú jọ́nà kan ní Jámánì, lórí ìlú kan tí sáyánáìdì láti inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti ń wọ àwọn ènìyàn lára gan-an, tí àrùn náà sì kéré níbẹ̀. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ẹ̀gẹ́, kí ló dé tí àrùn kò fi pọ̀ níbi tí sáyánáìdì ti pọ̀? Iyèméjì wọ ọ̀rọ̀ náà.

Mo yin àwọn tó kọ iṣẹ́ wọ̀nyí gidigidi. Ohun tó jẹ́ kí Olúwọlé lè padà sí Òṣósà lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún ni pé àwọn tó ṣáájú ti kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, lẹ́tà ni sí ẹni tí kò tíì dé. Bí ẹni náà bá dé, ó yẹ kó lè tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ wa, kó béèrè ohun tí a béèrè, bí a ṣe béèrè rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé nìyẹn.

Ẹ wo àmì àrùn yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí dídi: “Ṣé ẹ ń gbọ́ dáadáa?” Lédè wa, ẹni tó gbọ́ ohùn gbọ́, ẹni tó yé náà gbọ́. Bàbá àgbà kan lè dáhùn pé òun gbọ́, kó jẹ́ pé ìbéèrè yẹn ló ní ó yé òun. Ojú ṣíṣe bàìbàì: “Ṣé ẹ ń ríran?” Ẹ lọ bi ìyá kan tó ń bọ̀ láti ilé àdúrà ní Ìkòròdú, ẹ ó rí i pé aríran ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Láti itan títí dé ọmọ ìka, ẹsẹ̀ la ń pe gbogbo rẹ̀. Dókítà tó fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń jó aláìsàn, tó sì béèrè pé “Ṣé ẹsẹ̀ ń jó yín?”, kò tíì béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀. Iṣan fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, iṣan ni. Èyí tó yọ lápá alágbára, iṣan náà ni.

Ẹ wá wo oúnjẹ, tó jẹ́ gbòǹgbò ẹjọ́ náà. “Ṣé ẹ ń jẹ gàrí lójoojúmọ́?” Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni “ẹ”. Ṣé ẹ ti ọ̀wọ̀ ni, àbí ẹ ti ọ̀pọ̀? Ìyá tí wọ́n ń bi lè dáhùn fún ara rẹ̀, ó sì lè dáhùn fún gbogbo ilé. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ìṣòro yìí ní ọ̀nà tí a gbà ní in, nítorí náà ìtumọ̀ àtúnpadà ò ní í tú u fó. Ìkejì: gàrí tí a fi omi tútù rẹ, mímu là ń mu ún, èyí tí a fi omi gbígbóná tẹ̀, ẹ̀bà ni. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lè sọ, láìpurọ́, pé òun kì í sábà jẹ gàrí. Fùfú wà lọ́tọ̀, láfún wà lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò sì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ṣe ẹ̀gẹ́ ló ń sọ iye sáyánáìdì tó máa kù nínú rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, Yorùbá wo ni? Ní Ẹ̀pẹ́ nìkan, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì wà, àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ sá dé ní 1851 nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò l'Ékòó. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n tú ní Ìbàdàn tàbí ní Ìdí-Àràbà, tí wọ́n kà fún apẹja àgbàlagbà létí ọ̀sà, Yorùbá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá tirẹ̀ tán.

Ṣebí ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un tú padà? Ọ̀nà tí Brislin ṣàlàyé ní 1970 nìyẹn, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ọ̀mọ̀wé kan tú u lọ, ọ̀mọ̀wé mìíràn tú u bọ̀. Àwọn méjèèjì mọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì lè méfò ohun tí ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò jẹ́. “Ṣé ẹ ń gbọ́ dáadáa?” yóò padà di ìbéèrè nípa etí láìsí ìjà kankan. Kò sí ẹni tó bi apẹja. Ìtumọ̀ àtúnpadà ń dán àwọn olùtumọ̀ wò, kò dán ẹni tí ìwádìí wà fún wò.

Ẹlòmíràn á ní, Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ò ní èdè. Wọ́n kúkú gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wọn tiosáyánéètì inú rẹ̀. Òtítọ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ ara láìpẹ́ yìí ni tiosáyánéètì ń sọ, kò lè sọ ohun tí ìyá kan jẹ fún ogún ọdún. Sìgá mímu pàápàá a máa gbé e sókè. Ogún ọdún yẹn, ẹnu ló lè sọ ọ́. Àní nígbà tí dókítà bá gbé irin tó ń gbọ̀n lé egungun kókósẹ̀, ó ṣì ní láti béèrè bóyá aláìsàn mọ̀ ọ́n lára. Èmi ò sọ pé èdè ló fa ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ 1969 àti ti 2002. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ yọ èdè kúrò lára ohun tó lè fà á, ó ní láti rí ìbéèrè náà.

Àwáwí tó kù ni pé jọ́nà ò ní àyè. Ní ayé ìwé títẹ̀, mo lè gba èyí. Ojú ìwé kan, owó ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ jọ́nà ló ń gba àfikún sórí íntánẹ́ẹ̀tì. STROBE, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2007 fún irú ìwádìí yìí, ní nǹkan 22 tó ń béèrè. Ìkẹjọ nínú wọn ní kí a ṣàlàyé kíkún nípa ọ̀nà tí a gbà wọn ohun kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè Yorùbá ni ọ̀nà náà. Àwọn kan sì ti fi hàn pé èdè wa lè gba àyè iwájú: nínú ìwádìí àrùn ìgbàgbé tí Ìbàdàn àti Indianapolis jọ ṣe, tí Ọ̀ṣuntókun kan náà wà nínú rẹ̀, mímú ìbéèrè bá Yorùbá mu jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú jọ́nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi tó ń múra àtifi iṣẹ́ ránṣẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Kí ẹ tó lọ sí pápá, ẹ ka ìbéèrè fún bí ènìyàn mẹ́wàá níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ kọ “ẹ̀yin fúnra yín” níbi tí ẹ kò bá fẹ́ gbogbo ilé. Ẹ béèrè ẹ̀bà lọ́tọ̀, gàrí mímu lọ́tọ̀. Ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tó ń kà á sókè ní ẹnu ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ máa méfò. Nígbà tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ so ìwé ìbéèrè Yorùbá mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àfikún, kí ó jẹ́ PDF, torí ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ jọ́nà máa ń tú lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ká. Bí wọ́n bá fi èyí tí wọ́n tò ránṣẹ́ padà kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi ojú ara yín ka Yorùbá ibẹ̀. Kò sí olóòtú kankan tó máa bá yín mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti di ẹ̀jẹ́.

Ó ku àwọn tó béèrè ọ̀rọ̀: ọmọbìnrin tó mọ èdè ìlú, tó ń wọ ilé dé ilé. Ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tó kọ́kọ́ pàdé ní Vancouver ní 1978, ní òṣùwọ̀n mẹ́rin tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kún kó tó lè jẹ́ òǹkọ̀wé. Bí kò bá kún un, orúkọ rẹ̀ yẹ ní abala ìdúpẹ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe gan-an. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé òun ló tún ìbéèrè yín ṣe tó fi yé ará Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ kó bá yín kọ ibi tó kàn án, kó sì ka iṣẹ́ náà kí ó tó lọ. Ó ṣeé ṣe kí òṣùwọ̀n náà kún.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, Yorùbá náà kúkú ti wà nínú fáìlì tí ẹ kó fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń wádìí. Ẹ ti kọ ọ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ohun tó kù ni kí ẹ jẹ́ kó bá iṣẹ́ yòókù rin ìrìn àjò.