Ìkòkò Olókun: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Yemọja àti Ọ̀kẹ̀rẹ̀ Ṣakí

Nínú kíláàsì, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìwáṣẹ̀ Odò Ògùn ni wọ́n sábà máa ń kọ́ni ní ìtàn Yemọja àti Ọ̀kẹ̀rẹ̀ Ṣakí. Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró síbẹ̀ ń jẹ èèpo, ó sì ń fi èso sílẹ̀. Ìtàn obìnrin tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tí ó tàbùkù rẹ̀ ni, àti ti àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí àwọn apìtàn ń gbà sọ ọ́ pọ̀. Nínú ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀, Yemọja fẹ́ Ọ̀kẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ fi ọmú rẹ̀ tí ó tóbi ṣe ẹlẹ́yà láéláé. Ní ọjọ́ kan, ọkọ mu ẹmu yó, ó sì sọ ohun tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní sọ. Yemọja sá. Bí ó ti ṣubú lọ́nà, ìkòkò tí Olókun ìyá rẹ̀ fún un fọ́, omi inú rẹ̀ sì di odò tí ó ń gbé e lọ sí òkun. Ọ̀kẹ̀rẹ̀ di òkè láti dínà. Odò yà sọ́tùn-ún, òkè yà sọ́tùn-ún. Odò yà sósì, òkè ń bẹ níbẹ̀. Ṣàngó ọmọ rẹ̀ ni ó la òkè náà sí méjì.

Ìkòkò yẹn ni ó yẹ kí òǹkàwé fojú sí jù. Olókun kò dúró kí ìjà dé kí ó tó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sì sí ibi kankan nínú ìtàn náà tí wọ́n ti sọ fún Yemọja pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́, kí ó padà lọ mú sùúrù. Àwọn tí ó ń fi àṣà Yorùbá dá obìnrin padà sábẹ́ ẹgba kò ka ìtàn yìí yé.

Ní ti ìfìwàwẹ̀dá, ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru ẹmu. Ṣùgbọ́n ẹmu kọ́ ni ó di òkè. Èébù lè jẹ́ ti ọtí. Ìdínà, ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Apìtàn mọ ohun tí àwọn tí ó ń ran irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lónìí mọ̀: ìgbà tí ó bá ń lọ gan-an ni ewu máa ń pọ̀ jù.

Bí wọ́n bá ń kọ́ ìtàn yìí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Súrùlérè, ìbéèrè kan yóò dìde. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ń sọ nípa àwọn tí ó ti ilé wá tẹ̀dó. Olókun jìnnà síbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń lù nínú ilé oníyàrá tí ìlẹ̀kùn kọjú síra wọn kò lè fi ẹsẹ̀ sá dé Iléṣà lóru. Ta ni yóò gbé ìkòkò fún un? Ẹgbẹ́ Project Alert, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1999, ṣí ilé ààbò Sophia's Place ní 2001. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìdáàbòbò lórí ìwà ipá inú ilé ní 2007, ó sì fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ní 2021. Òfin 2007 kò mọ sórí lílù nìkan. Ọ̀rọ̀ ìtàbùkù àti fífi owó ni obìnrin lára wà nínú rẹ̀. Ọ̀kẹ̀rẹ̀ ìbá jẹ́jọ́. Òfin náà gba olùkọ́ pàápàá láàyè láti lọ bá ilé ẹjọ́ bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ ààbò lórúkọ obìnrin náà, bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé.

Ìfọwọ́síwèé yẹn ṣe pàtàkì, nítorí Ṣàngó pàápàá kò la òkè títí Yemọja fi ké sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kí ó jíròrò ipa Ṣàngó nínú ìtàn náà, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.