Ta Ni Yóò Sọ Ti Ọmọ Náà? Norman Douglas àti Àwọn Tó Kọ Ìtàn Rẹ̀



Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ ṣí ìwé ètò ìsìnkú èyíkéyìí wò, ẹ ó rí i pé kò sí òkú tí kì í ṣe aláàánú àti olóòótọ́. Kò burú, ọjọ́ ìsìnkú kì í ṣe ọjọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn ìgbésí ayé kì í ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òkú ṣe, kó sì sọ ẹni tó ṣe é sí. Bí òkú náà bá wá jẹ́ òǹkọ̀wé ńlá, tó sì jẹ́ pé ó ń bá ọmọdé lò pọ̀ nígbà ayé rẹ̀ ńkọ́? Báwo ni kí á ṣe kọ ọ́?

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Norman Douglas. Wọ́n bí i ní Austria ní 1868, ó sì kú sí erékùṣù Capri ní Ítálì ní 1952. Díẹ̀ nínú yín ló máa mọ orúkọ rẹ̀ lónìí, àmọ́ gbajúmọ̀ ni nígbà tirẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, South Wind, tó jáde ní 1917, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ẹ jẹ́ ká to àwọn ọdún náà síra. Ní 1916, Douglas tẹ ìwé kan jáde lórí eré tí àwọn ọmọdé ń ṣe ní ìgboro London, London Street Games. Lọ́dún yẹn kan náà, ọlọ́pàá mú un ní London lórí ẹ̀sùn pé ó hùwà ìṣekúṣe sí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan. Wọ́n fún un ní béèlì, ló bá sá kúrò nílùú, kò dúró jẹ́jọ́. Ní 1937, ó tún sá kúrò ní Florence nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin kan tí àwọn ọlọ́pàá ń wádìí. Wọ́n ní aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ti Douglas kò tiẹ̀ pamọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń bá a jẹun.

Ní 1954, ọdún méjì péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìwé méjì jáde lórí rẹ̀. Nancy Cunard kọ Grand Man láti fi yìn ín: ọ̀rẹ́ àtàtà, ọ̀mọ̀wé, ẹni tó mọ ayé í jẹ. Richard Aldington ní tirẹ̀ kọ Pinorman, ó sọ̀rọ̀ síta nípa Douglas àti àwọn ọmọkùnrin, inú sì bí àwọn ọ̀rẹ́ olóògbé gidigidi. Ẹnìkan lè rò pé Aldington ló wá gbèjà àwọn ọmọ. Rárá o! Lára ohun tó ń bí i nínú ni ìjà àtijọ́ tó wà láàárín Douglas àti D. H. Lawrence. Lawrence ló ń gbèjà. Cunard da aṣọ bo àwọn ọmọ náà. Aldington sọ wọ́n di òkò tí àgbà ń sọ lu àgbà. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà láyé nígbà náà, síbẹ̀ ìwé méjèèjì kò bi wọ́n pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín?"

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìwé Rachel Hope Cleves, òpìtàn kan ní Canada, sí pàtàkì. Unspeakable ni orúkọ ìwé náà, ó jáde ní 2020. Cleves kò dúró sórí kó pe Douglas ní ẹhànnà kó sì pa ìwé dé. Ó wá ohun tí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ọmọ ọdún 12 nígbà tí Douglas pàdé rẹ̀ ní London ní 1910. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Douglas mú un lọ sí gúúsù Ítálì, ọmọ náà sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Cleves tẹ̀ lé e títí tó fi dàgbà, tó di ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Tanganyika, tí à ń pè ní Tànsáníà báyìí.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ yẹn kò kórìíra Douglas nígbà tó dàgbà. Ó fẹ́ràn rẹ̀, òun nìkan sì kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Cleves kò fi èyí pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi dá Douglas láre. Iṣẹ́ takuntakun nìyẹn.

Síbẹ̀, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ta ló tọ́jú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí? Douglas àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ta ló máa ń kọ lẹ́tà sí àgbà tó ti bá a lò pọ̀ nígbà èwe? Ẹni tí inú rẹ̀ ṣì yọ́ sí i ni. Ọmọ tó sá lọ tí kò bojú wẹ̀yìn kò ní kọ nǹkan kan, ọmọ tálákà tí kò mọ̀wé kò sì lè kọ ọ́. Nítorí náà, bí àpótí bá kún fún lẹ́tà ìfẹ́, kò túmọ̀ sí pé ìfẹ́ ló pọ̀ jù. Àwọn tí kò kọ̀wé wà nínú ìtàn náà pẹ̀lú, òǹkọ̀tàn sì gbọ́dọ̀ fi àyè wọn sílẹ̀ gedegbe kí òǹkàwé lè rí i.

Ẹ má sì gbàgbé owó. Ọmọ ìdílé tí kò rí já jẹ pọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin yìí bọ́ wọn, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, ó mú wọn rìnrìn àjò. Èèyàn lè dúpẹ́ oúnjẹ tó jẹ kí ọgbẹ́ náà sì ṣì wà lára rẹ̀. Ọpẹ́ kì í pa ọgbẹ́ rẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé, "Prof, ayé ìgbà yẹn ló gbà á bẹ́ẹ̀." Ẹni tó bá gbà pé òun kò ṣe nǹkan kan kì í sá lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí yìí. Òfin England ìgbà náà tó de ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin kò yà ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ́tọ̀: ó ń fìyà jẹ àgbà ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan bákan náà, títí di 1967. Ẹ má ṣe kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ bí òfin yẹn ti kó wọn pọ̀. Ohun tó burú nínú ti Douglas ni pé àgbà ni, ọmọdé ni wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ni owó àti agbára sì wà. Ọmọdébìnrin ni ti 1937, ìwà náà kò sì yàtọ̀.

Àwọn kan ti bi mí bóyá kí àwọn má ka South Wind mọ́. Èmi kò ní kí ẹ sun ún níná. Ẹ kà á bí ó bá wù yín, àmọ́ ẹ rántí pé ọdún tí ìwé náà jáde ni ẹni tó kọ ọ́ ń sá fún ẹjọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ lọ́la, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò nínú ìwé náà ni iye ojú ìwé tó fún àwọn ọmọ náà, àti bóyá wọ́n ní ayé tiwọn níbẹ̀ lẹ́yìn tí Douglas ti bá tirẹ̀ lọ.