Eré Nínú Ọgbà Ilé Iṣẹ́

Ilé iṣẹ́ tó bá fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè ṣeré kò fi owó ṣòfò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cadbury tó ń ṣe ṣokoléètì ṣe é ní Bournville, Lever tó ń ṣe ọṣẹ náà sì ṣe é ní Port Sunlight, ìlú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1888: pápá tẹ́jú, koríko kúkurú, bọ́ọ̀lù tí à ń yí nílẹ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá dúró sún mọ́ bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí wọ́n fi ṣe àmì jù ló borí. Àwọn bọ́ọ̀lù ńlá náà kì í lọ tààrà. Wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n máa yà bí eré wọn bá ti ń dínkù. Agbára kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, ojú tó mọ̀wọ̀n ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá àgbà àti ẹni tó ń ti ẹrù fi lè jọ díje, bí àgbà àti ọ̀dọ́ ṣe ń ta ayò lábẹ́ igi ní Òṣogbo.

Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ọ̀gá ni, pé bí owó bá tán, eré náà á tán. Wọn ò parọ́ tán: Leventis United ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ Leventis, gba ife FA ní 1984 àti 1986, síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà tú ká nígbà tí ilé iṣẹ́ náà jáwọ́. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù tí à ń sanwó fún ni wọ́n. Eré tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ Òṣogbo àti Iléṣà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń pọn bíà ní Iléṣà láti 1978, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ yín léèrè eré tí wọ́n fẹ́.