Àbàwọ́n Kò Ṣàdédé Yọ

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí àbàwọ́n bá yọ lójú fọ́tò, ẹni tó mọ fọ́tò fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn á tún òmíràn fọ̀ láti ara nẹ́gátíìfù kan náà. Bí àbàwọ́n bá dúró sójú kan, nẹ́gátíìfù ni kó yẹ̀ wò: eruku ń fa funfun, ihò wínníwínní ń fa dúdú. Bó bá ṣípò, kó yẹ bébà àti kẹ́míkà wò. Bí ibi tó yẹ kó funfun bá ṣú, á gbé owó ẹyọ lé bébà tuntun lábẹ́ iná pupa tó ń lò nínú yàrá náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á sì fọ̀ ọ́. Bí ibi tí owó wà bá funfun ju ìyókù lọ, iná ló jẹ̀bi. Sùúrù tí kì í dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi yìí wù mí púpọ̀.